Ẹ Dá Ọ̀sán Àbámẹ́ta Padà fún Orin Àtijọ́

"Òru ni orin àwọn bàbá yín yẹ." Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń wá ìpolówó fún rédíò ló là á mọ́ wa lójú ní Ìlàrè, n'Ífẹ̀. Ó ní àwọn tó ń gbọ́ Hárúnà Ìṣọ̀lá, olórin àpàlà, ti dàgbà, oorun kì í kùn wọ́n mọ́, kí wọ́n máa gbọ́ ọ ní aago méjì òru. Irọ́ ni, àfojúdi sì ni. Ètò tí a fi ń ka orin àtijọ́ mẹ́wàá tó ta yọ, láti orí ìkẹwàá títí kan ìkíní, ọ̀sán Àbámẹ́ta ni àyè rẹ̀.

Ǹjẹ́ ọ̀gbẹ́ni yìí ti rin Ìlàrè lọ́sàn-án Àbámẹ́ta rí? Onídìrí ń dirun àwọn tó ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́la, télọ̀ ń sáré parí aṣọ òde, fọganáísà ń lẹ táyà. Ọwọ́ gbogbo wọn dí, etí nìkan ló ṣófo. Àwọn gan-an ló ń gbọ́ rédíò. Tó bá di aago méjì òru, wọ́n ti sùn fọnfọn, nítorí wọ́n ṣiṣẹ́. Ta wá ni ọ̀gbẹ́ni fẹ́ lùlù fún? Àwọn ẹ̀fọn?

Ó tún ní gbogbo orin ló wà lórí fóònù. Ọ̀mọ̀ràn! Báwo ni ọmọ ogún ọdún yóò ṣe wá Yusuf Ọlátúnjí, olórin sákárà, tí kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí? Ohun tí èèyàn ti mọ̀ ló ń béèrè lọ́wọ́ fóònù. Rédíò ló ń gbé ohun tí a kò mọ̀ kò wá, tí gbogbo àdúgbò á gbọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, tí wọ́n á máa bá ara wọn jiyàn pé ipò kejì kò tọ́ sí orin yẹn. Bí a ṣe ń gbọ́ ọ nìyẹn láti ìgbà tí rédíò Rediffusion ti dé Ìbàdàn ní 1939, tí asọ̀rọ̀mágbèsì kan ṣoṣo ń sọ̀rọ̀ fún odindi agboolé. Kò sẹ́ni tó ń bá fóònù jiyàn.

Ó wá fi ìlú òyìnbó dẹ́rù bà wá, pé àwọn náà ti yí àkókò padà. Òótọ́ ni pé ní oṣù keje 2015, BBC gbé ogójì orin tó ń ta jù kúrò ní ọjọ́ Àìkú lọ sí ọjọ́ Ẹtì, nítorí ọjọ́ Ẹtì ti di ọjọ́ tí orin tuntun ń jáde káàkiri àgbáyé. Ọjọ́ ni wọ́n yí. Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n gbé e sí. Wọn ò gbé e fún iwin.

Ẹ jẹ́ n sọ èyí tó ti ń dùn mí tipẹ́. Àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kan ló kọ́kọ́ ba ètò yìí jẹ́. Láyé 1970 sí 1979, ojú àwo kan ṣoṣo ti Ebenezer Obey tàbí Sunny Adé lè gùn tó ogún ìṣẹ́jú, kí orin máa wọnú orin. Gángan kò ní tíì fọhùn tí àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ yìí á fi gé e, kí wọ́n lè polówó agbo jẹ̀díjẹ̀dí. Àwọn mìíràn gba rìbá, wọ́n gbé akọrin tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ sí ipò kìíní. Àwọn olùgbọ́ bínú lọ, àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ wá ń sọ pé orin àtijọ́ ló ti gbó.

Orin náà fúnra rẹ̀ kì í ṣe ti òru. Ní 1971, Hárúnà Ìṣọ̀lá kọ orin Oroki Social Club, ó fi ki àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó ń jẹ́ orúkọ yẹn ní Òṣogbo. Ta ló ń kini lóru? Gbangba ọ̀sán la ti ń kini, kí ará àdúgbò lè gbọ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin ilé-iṣẹ́ rédíò gbogbo tó wà n'Ífẹ̀, ẹ fún wa ní wákàtí méjì ní ọ̀sán Àbámẹ́ta. Ẹ jẹ́ kí olùgbọ́ pè wá yan orin mẹ́wàá, ẹ lù wọ́n dópin, ẹ má gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ akọrin kankan. Ní ti aago méjì òru, kí ọ̀gbẹ́ni náà kó ìpolówó rẹ̀ síbẹ̀.