Ẹ̀kán Omi Kan fún Àwọn Aláró Ẹ̀gbá

Ẹni tó bá gba Ṣàpọ́n dé Ìtòkú, tí ó wo àdìrẹ tí àwọn ìyá wa pàtẹ sí ìsọ̀ wọn, kò ní ṣàìjẹ́wọ́ pé iṣẹ́ ọwọ́ Ẹ̀gbá ọmọ Líṣàbí kò láfiwé. Ṣùgbọ́n bí ó bá tún rìn dé Kémta, níbi tí wọ́n ti ń rẹ aṣọ, tí ó rí omi aró tó ń wọ́ gba gọ́tà lọ, kò ní ṣàìbéèrè ohun tó wà nínú rẹ̀, nítorí aró òde òní ti kọjá ewé ẹ̀lú nìkan: kọ́sítíìkì sódà wà níbẹ̀, aró òyìnbó sì wà níbẹ̀, èyí tí ẹni tó ń lò ó gan-an kò mọ gbogbo èròjà rẹ̀.

Ìbéèrè yìí yẹ kó rí ìdáhùn ní Abẹ́òkúta níbí, ọgbọ́n tí a ó sì fi dáhùn rẹ̀ ti wà nílé ayé. Wọn a mú rọ́bà pẹlẹbẹ kan, wọn a ya ojú ìṣàn tó tín-ín-rín bí irun orí sínú rẹ̀, wọn a sì máa ti omi tí wọ́n fẹ́ yẹ̀ wò àti kẹ́míkà ìdánwò gba ọ̀nà kan, òróró gba òmíràn. Níbi tí wọ́n bá ti pàdé, òróró a máa gé omi sí ẹ̀kán wẹ́wẹ́, nítorí àwọn méjèèjì kì í wọ ara wọn. Kò yẹ kí èyí ṣòro fún aládìrẹ láti lóye, ẹni tó ń fi àbẹ́là yíyọ́ bo ojú aṣọ kí aró má baà wọ ibẹ̀. Òróró yí ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan ká, èyí kò ba tèkejì jẹ́. Àwọ̀ inú rẹ̀ a yí padà gẹ́gẹ́ bí èròjà inú omi bá ti pọ̀ tó, ìmọ́lẹ̀ a sì kà á.

Ní ọdún 2001 ni Stephen Quake àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Kalifọ́níà fi bí òróró ṣe ń gé omi báyìí hàn. Nígbà tó di 2003, Rustem Ismagilov ní Chicago ti ń po kẹ́míkà pọ̀ nínú irú ẹ̀kán bẹ́ẹ̀. Nígbà tó sì di 2019, àwọn ará Yunifásítì Southampton kéde ẹ̀rọ tí a lè gbé sínú odò gan-an, tí yóò máa wọn nitrate, èròjà tí ajílẹ̀ oko máa ń ṣàn gbé wọ omi.

Àwọn kan yóò ní ohun ọlọ́rọ̀ nìyí. Èmi kò gbà. Ẹ̀kán omi lásán kan, tí kò ju ìdá kan nínú ogún mìlílítà lọ, tó ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta ẹ̀kán tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ nanolítà kan. Abẹ́rẹ́ kéré lóòótọ́, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Kẹ́míkà ìdánwò tí à ń fi owó dọ́là rà, tí ọlọ́rọ̀ lè máa dà nù, ni ọgbọ́n yìí ń ṣọ́ lò, nítorí náà ẹni tí kò ní púpọ̀ ni ó wúlò fún jù. Òótọ́ ni pé a óò ní láti ra ẹ̀rọ tó ń ti omi àti èyí tó ń ka àwọ̀, iná mànàmáná wa kò sì dúró; ṣùgbọ́n bátìrì lè gbé irú ẹ̀rọ kékeré bẹ́ẹ̀, àwọn onímọ̀ kẹ́míkà kò sì wọ́n ní Yunifásítì Iṣẹ́ Àgbẹ̀ tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní ìlú yìí ní 1988.

Kí ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn fi owó sí i. Kí yunifásítì kọ́kọ́ yẹ kànga tó yí ilé aró ká wò. Kí wọ́n sì sọ àbájáde rẹ̀ fún àwọn aláró ní èdè Yorùbá kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀ ìtanràn, nítorí àwọn àti ọmọ wọn ni wọ́n súnmọ́ omi náà jù. Ọ̀rọ̀ náà kò sì mọ sọ́dọ̀ Ẹ̀gbá: Odò Ògùn tó gba ìlú wa kọjá ni wọ́n ń fà ní Àkútè fún ará Èkó láti mu. Ìlú tí aṣọ rẹ̀ gbayì tó báyìí kò gbọdọ̀ jẹ́ aláìmọ̀kan nípa omi tí ó fi rẹ aṣọ náà.