Kì í ṣe pọ́ọ̀pù ló sọ UB40 di onígbèsè

Bí ẹ bá kó àwọn tó fẹ́ràn orin rẹ́gè jọ síbì kan, tí ẹ wá dárúkọ ẹgbẹ́ olórin UB40, àríyànjiyàn lẹ dá sílẹ̀ yẹn. Àwọn kan á ní àwọn ọmọ Birmingham yìí ta rẹ́gè nítorí owó, pé orin ìfẹ́ tí wọ́n ń kọ kiri kì í ṣe rẹ́gè mọ́, pé pọ́ọ̀pù lásán ni. Àwọn mìíràn á ní kí lẹ fẹ́ kí wọ́n ṣe, ṣé kí ebi máa pa wọ́n ni? Èmi kì í ṣe olórin o, ìròyìn okòwò ni mò ń kọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí kan gbogbo ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù, nítorí kò sí ẹni tó ń tajà tí kò ní bi ara rẹ̀ léèrè lọ́jọ́ kan pé: ṣé ohun tí mo mọ̀ ọ́n ṣe ni kí n máa tà lọ, àbí ohun tí àwọn èèyàn ń béèrè?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọdún 1978 ni àwọn ọ̀dọ́ kan kó ara wọn jọ ní ìlú Birmingham, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òyìnbó wà nínú wọn, aláwọ̀ dúdú sì wà nínú wọn. Iṣẹ́ kò sí lọ́wọ́ wọn, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fi orúkọ fọ́ọ̀mù tí àwọn tí kò níṣẹ́ fi ń gba owó ìrànwọ́ lọ́wọ́ ìjọba sọ ẹgbẹ́ wọn. Nígbà tí àwo orin wọn àkọ́kọ́, Signing Off, jáde ní 1980, àwòrán fọ́ọ̀mù yẹn náà ni wọ́n fi ṣe èèpo rẹ̀. Orin inú rẹ̀ kì í ṣe orin fàájì. Ebi, ìyà àti ẹlẹ́yàmẹ̀yà ni wọ́n ń kọrin nípa rẹ̀. Síbẹ̀, àwo náà dé ipò kejì lára àwọn àwo tó ń tà jù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kò pẹ́ sígbà náà tí wọ́n dá ilé iṣẹ́ tiwọn sílẹ̀, DEP International, kí wọ́n lè máa gbé orin wọn jáde fúnra wọn.

Ọdún 1983 ni nǹkan yí padà. Wọ́n gbé àwo kan jáde tí wọ́n pè ní Labour of Love, kò sì sí orin kan níbẹ̀ tó jẹ́ tiwọn. Àwọn orin Jamáíkà tí wọ́n gbọ́ dàgbà ni wọ́n tún kọ, títí kan orin Jimmy Cliff àti ti Eric Donaldson. Ọ̀kan nínú wọn, Red Red Wine, gba ipò kìíní nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún yẹn. Ní 1988, lẹ́yìn tí wọ́n kópa níbi àríyá ọjọ́ ìbí Nelson Mandela tó wáyé ní Wembley, orin kan náà gba ipò kìíní ní Amẹ́ríkà. Ní 1993, wọ́n tún mú orin kan tí Elvis Presley ti kọ ní 1961, wọ́n fi ìlù rẹ́gè sí i, ó sì lo ọ̀sẹ̀ méje ní ipò kìíní ní Amẹ́ríkà.

Èrò tèmi ni pé yíyí tí wọ́n yí padà kọ́ ni àṣìṣe wọn. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìgbà kì í lọ bí òréré, ayé kì í lọ bí ọ̀pá ìbọn. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ṣe é. Wọn kò sáré lọ sídìí ohun tí wọn kò mọ̀. Orin tí wọ́n ti gbọ́ láti kékeré ni wọ́n gbé jáde, wọ́n sì fi ìlù rẹ́gè sílẹ̀ nídìí rẹ̀. Ohùn orin ló rọ̀, ọwọ́ tó ń ṣe é kò yàtọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọn kò sì ti ṣọ́ọ̀bù àtijọ́ pa. Ní 1984 wọ́n gbé Geffery Morgan jáde, orin tiwọn ló kún inú rẹ̀. Ní 1986, nínú Rat in the Kitchen, wọ́n tún kọrin tako ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà ilẹ̀ South Africa. Alásè tó ń ta àmàlà, tó wá fi ìrẹsì kún un, kò tíì fi àmàlà sílẹ̀.

Mi ò sọ pé wọn ò pàdánù nǹkan kan o. Àwọn tó ra Signing Off nítorí pé ó sọ ìyà tó ń jẹ wọ́n, ọ̀pọ̀ nínú wọn kẹ̀yìn sí wọn. Ẹni tó bá yí ọjà padà gbọ́dọ̀ mọ̀ pé àwọn oníbàárà kan á lọ, kó sì ti ṣírò rẹ̀ mọ́ ọn kó tó bẹ̀rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá le nìyí. Ta ló ni Red Red Wine? Neil Diamond, olórin Amẹ́ríkà, ló ṣẹ̀dá rẹ̀ ní 1967. Ní 1969, Tony Tribe, ọmọ Jamáíkà, sọ ọ́ di rẹ́gè, èyí tí Tony Tribe kọ ni àwọn UB40 sì gbọ́. Àwọn fúnra wọn sọ pé àwọn ò mọ̀ pé Neil Diamond ló ni ín. Nínú òwò orin, ọ̀tọ̀ ni owó ẹni tó ṣẹ̀dá orin, ọ̀tọ̀ ni owó ẹni tó kọ ọ́ sínú àwo. Ní Amẹ́ríkà, bí ilé iṣẹ́ rédíò bá gbé orin sáfẹ́fẹ́, ẹni tó ṣẹ̀dá rẹ̀ ni òfin ní kí wọ́n sanwó fún. Olórin tí gbogbo ayé ń gbọ́ ohùn rẹ̀ kì í rí kọ́bọ̀ gbà nídìí ìyẹn. Ẹ ò rí i pé orí ilẹ̀ onílẹ̀ ni wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀bù tó tà jù sí? Wọ́n jèrè nínú ọjà tí wọ́n tà, ṣùgbọ́n onílẹ̀ náà gba tirẹ̀. Rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni ń bá ni mu.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ ìwé owó. Wọ́n ní àwo tí wọ́n tà lé ní mílíọ̀nù 70 káàkiri àgbáyé. Síbẹ̀, ní 2008, Ali Campbell tó jẹ́ olórí akọrin wọn fi ẹgbẹ́ sílẹ̀, ó ní bí wọ́n ṣe ń bójú tó okòwò ẹgbẹ́ náà kò tẹ́ òun lọ́rùn. Ní 2011, ilé ẹjọ́ kéde pé mẹ́rin nínú wọn kò lè san gbèsè tó wà lọ́rùn wọn, gbèsè tó so mọ́ DEP International, ilé iṣẹ́ tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn dá sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìjà orúkọ tún dé. Ali Campbell kó àwọn kan jọ, àwọn tó kù náà ń kọrin lọ, wọ́n sì gbé ara wọn lọ sílé ẹjọ́ lórí ta ló ni orúkọ UB40. Robin, ẹ̀gbọ́n Ali, wà ní apá kejì. Ọmọ ìyá kan náà o!

Ẹ̀yin oníṣòwò wa, bí ẹ bá fẹ́ fi nǹkan tuntun kún ọjà yín, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ dẹ́rù bà yín. Ṣùgbọ́n ẹ bi ara yín ní ìbéèrè mẹ́ta. Ṣé mo mọ iṣẹ́ tuntun yìí dénú, àbí mo kàn rí i lọ́wọ́ ẹlòmíràn ni? Èwo nínú rẹ̀ ni tèmi gan-an, tí ẹnikẹ́ni kò lè gbà lọ́wọ́ mi lọ́la? Bí èmi àti ẹni tí a jọ ń ṣe é bá tú ká, ta ló máa ni orúkọ tó wà lára pátákó ṣọ́ọ̀bù wa, ibo ni a sì kọ ọ́ sí?

Ìbéèrè kẹta yẹn ni ọ̀pọ̀ nínú wa kì í fẹ́ gbọ́, pàápàá bó bá jẹ́ pé ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ló jọ dá òwò sílẹ̀. A máa ń ní ẹ̀jẹ̀ kan náà ni wá, kí la fẹ́ fi ìwé ṣe? Ohun tí àwọn ọmọ Campbell náà ṣeé ṣe kí wọ́n rò ní 1978 nìyẹn. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tí ẹ ṣì ń bá ara yín rẹ́rìn-ín.