Bí Oògùn Àtọ̀gbẹ Bá Ṣe Wá Léṣe, Kí Ni Ká Ṣe?

Ọ̀pọ̀ bàbá àti ìyá nínú ìjọ wa ló ń lo oògùn àtọ̀gbẹ lójoojúmọ́, a sì dúpẹ́ pé ó ń gba ẹ̀mí là. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, oògùn tí a fi ń wá ìlera a máa dá àìsàn mìíràn sílẹ̀.

Ní Amẹ́ríkà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ta Rezulin ní 1997. Ní oṣù kẹta ọdún 2000, wọ́n kó o kúrò lọ́jà nítorí ó ń ba ẹ̀dọ̀ àwọn kan jẹ́. Ti Actos tẹ̀ lé e. Ní 2011, ìjọba ibẹ̀ kìlọ̀ pé bí ènìyàn bá lò ó ju ọdún kan lọ, ó lè mú ewu jẹjẹrẹ àpò ìtọ̀ pọ̀ sí i. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún aláìsàn pe Takeda tó ń ṣe é lẹ́jọ́ pé kò kìlọ̀ fún àwọn tó. Ní 2015, ilé-iṣẹ́ náà gbà láti san owó tó lé ní bílíọ̀nù 2 dọ́là láti parí ọ̀rọ̀ náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò gbà pé òun jẹ̀bi.

Ẹ̀kọ́ wo ló wà níbẹ̀ fún wa? Kò sí oògùn tí kò ní ewu tirẹ̀. Ohun tí òfin ń wò ni pé: ta ló yẹ kó kìlọ̀ tí kò kìlọ̀, tàbí ta ló ta ohun tí kò dára? Ní Nàìjíríà, òfin ọdún 2018 tó ń dáàbò bo oníbàárà sọ pé ẹni tó ta ọjà alábùkù ni yóò dáhùn fún ìpalára tó ṣe. A lè fi ẹjọ́ sun àjọ FCCPC, a sì lè lọ sílé ẹjọ́. NAFDAC ni kí a sọ fún nípa oògùn náà. Bó bá jẹ́ dókítà ló ṣe àṣìṣe, àjọ MDCN ló ń gbọ́ irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀.

Ẹ má ṣe sọ páálí oògùn, rísíìtì àti èsì àyẹ̀wò nù. Àwọn ni ẹlẹ́rìí yín. Ẹ tètè rí lọ́yà, nítorí ẹjọ́ ní gbèdéke. Ẹ má sì dá oògùn dúró fúnra yín. Ẹ kọ́kọ́ padà sọ́dọ̀ dókítà.

Àwọn kan ń wí pé onígbàgbọ́ kì í pe ẹjọ́. Lóòótọ́, Pọ́ọ̀lù kìlọ̀ nínú Kọ́ríńtì Kìíní orí 6 pé kí ará má pe ará lẹ́jọ́. Ṣùgbọ́n òun kan náà ló gbé ọ̀ràn rẹ̀ lọ síwájú Késárì nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 25, nígbà tí wọ́n fẹ́ rẹ́ ẹ jẹ. Wíwá ẹ̀tọ́ kì í ṣe àìnígbàgbọ́. Ó lè gba ẹlòmíràn lọ́wọ́ irú ewu kan náà.

Olúwa yóò fọwọ́ ìwòsàn kan gbogbo aláìsàn àárín wa, lórúkọ Jésù. Àmín.