“Á Gba Ibi Ire”: Ọ̀rọ̀ Lórí Ìgbànú Ikùn àti Òkèlè Tí Ó Há

Ìdánwò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni kò jẹ́ kí n rímú mí láti ọjọ́ mẹ́ta kan. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ gírámà lásán, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé gírámà yóò yọjú síbẹ̀, nítorí iṣẹ́ ẹni kì í pẹ́ tú ẹni fó. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni: ẹnu tí a fi ń jẹun, àti ẹnu tí a fi ń sọ̀rọ̀.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2018, ẹbí wa péjọ sí Tẹ̀dé fún ìnáwó òkú bàbá wa. Ẹni tí ó bá mọ Òkè-Ògùn yóò mọ bí ibẹ̀ ṣe ń rí nígbà ọyẹ́: koríko ọ̀dàn ti gbẹ, eruku pupa ti bo ewé káṣú, iṣu tí wọ́n bọ̀ fún èlùbọ́ sì wà lórí àpáta níbi tí wọ́n sá a sí. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tí ń gbé Lọ́ńdọ̀nù dé. Àbúrò bàbá wa obìnrin, ẹni tí ó tọ́ wa, tí gbogbo àwa ọmọ ilé ń pè ní Ìyá, dáná fún un fúnra rẹ̀: àmàlà dúdú, gbẹ̀gìrì, ewédú, àti ẹran ìgbẹ́ tí ó ti fi pamọ́ dè é. Ẹ̀gbọ́n mi bu òkèlè kìíní, ó bu èkejì. Lẹ́yìn ẹ̀kẹta ni ojú rẹ̀ yí padà. Ó fi ọwọ́ di àyà mú, itọ́ kún ẹnu rẹ̀, ó dìde, ó sì gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Nígbà tí ó padà wọlé, ó ní oúnjẹ ti tó òun.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹjọ́ mẹ́ta ni ilé ti dá. Àwọn kan ní ó lóyún, ẹni ọdún méjìléláàádọ́ta! Àwọn kan ní ó ti di òyìnbó, oúnjẹ ilé kò bá a lára mu mọ́. Àwọn ìyókù rẹ ohùn sílẹ̀, wọ́n ní ayé ti na ọwọ́ kàn án, ṣé a kò rí bí ó ṣe rù ni. Ìyá kò bá wọn dá sí i. Ó kó àwo rẹ̀, ó sì dákẹ́ fún odindi ọjọ́ méjì. Ẹni tí ìyá Yorùbá tọ́ dàgbà mọ̀ pé irú ìdákẹ́ bẹ́ẹ̀ wúwo ju èébú lọ.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ nínú ilé náà, àyàfi èmi, ni pé ní ọdún 2010 wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n fi ìgbànú rọ́bà yí òkè ikùn rẹ̀ ká. Ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà ti fẹ́ gbé e lọ nígbà náà, ara rẹ̀ sì ti wúwo ju ohun tí orúnkún rẹ̀ lè gbé. Ìgbànú yìí ń pín àpò ikùn sí méjì, àpò kékeré kan lókè, ìyókù nísàlẹ̀, ọ̀nà tóóró sì wà láàárín wọn. Okùn rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan so ó mọ́ ẹnu ihò kékeré tí wọ́n fi pamọ́ sábẹ́ awọ. Ibẹ̀ ni dókítà ti ń fi abẹ́rẹ́ rọ omi iyọ̀ sí i kí ó lè fún, tàbí kí ó fa omi jáde kí ó lè dẹ̀. Mitiku Belachew, ọmọ ilẹ̀ Ethiopia tí ó da ẹran ní kékeré kí ó tó di oníṣẹ́ abẹ ní Belgium, ni ó kọ́kọ́ ti ojú ihò kéékèèké fi irú rẹ̀ sí ara ènìyàn ní ìlú Huy ní ọdún 1993. (Inú mi máa ń dùn tí mo bá rántí pé ọmọ darandaran Áfíríkà ni.) Ìjọba Amẹ́ríkà fi ọwọ́ sí i ní ọdún 2001, ó sì gbilẹ̀. Lóde òní, wọn kì í sábà fi í sí ara ènìyàn bíi ti àtẹ̀yìnwá. Gígé apá kan ikùn kúrò ni ó ti gba ipò rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n ti fi sí lára ṣì wà láàárín wa, wọ́n ń bá wa jókòó nídìí àwo.

Òfin àkọ́kọ́ tí wọ́n ń fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni pé kí ó máa bu díẹ̀, kí ó rún un lẹ́nu títí yóò fi kúnná, kí ó má kánjú, kí ó má sì máa mu omi lé oúnjẹ. Búrẹ́dì rírọ̀, ìrẹsì tí ó lẹ̀ pọ̀, ẹran líle, àwọn wọ̀nyí ni ìwé tí wọ́n fún ẹ̀gbọ́n mi dárúkọ pé ó lè há. Kò dárúkọ òkèlè. Kò yà mí lẹ́nu, nítorí ẹni tí ó kọ ìwé náà kò mọ̀ pé oúnjẹ wà láyé tí a kì í rún. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ èdè wa láti òkèèrè, ẹ kíyè sí àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe wa: a ń mu ọsàn, a ń lá oyin, a ń jẹ ẹran, ṣùgbọ́n gbígbé mì ni ti òkèlè. Kódà Gẹ̀ẹ́sì tí à ń sọ ní Nàìjíríà ti fi ọ̀rọ̀-ìṣe gbígbémì sọ gbogbo oúnjẹ òkèlè lórúkọ. Ọmọ tí ó bá ń rún àmàlà lẹ́nu, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi wá di ẹni tí ó gbọ́dọ̀ ṣe ohun tí wọ́n ti fi ẹ̀rín lé kúrò lára rẹ̀ nígbà tí ó wà lọ́mọdé, kí ó sì ṣe é lójú àwọn tí wọ́n rẹ́rìn-ín náà.

Ó wá ku ti inú. Ẹ wo bí inú ṣe pọ̀ tó nínú èdè yìí: inú dídùn, inú bíbí, inú rere, ìbànújẹ́ tí ó jẹ́ pé ba-inú-jẹ́ ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Ibì kan náà ni a fi oúnjẹ àti ìmọ̀lára wa sí. Oníṣẹ́ abẹ lè fi ìgbànú dí ikùn, ṣùgbọ́n irinṣẹ́ tí ó fi ń ṣiṣẹ́ kò dé ibi tí inú ti ń bàjẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi sọ fún mi pé nígbà tí òun ń ṣe iṣẹ́ òru ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ̀bà gbígbóná àti ọbẹ̀ tí òun fi ata ilé sè ni òun fi ń tu ara òun nínú lówùúrọ̀ tí òun bá wọlé. Kò sí ẹlòmíràn tí ó ń kí i káàbọ̀. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ìdààmú rẹ̀ kù, oúnjẹ ìtùnú náà sì lọ pẹ̀lú rẹ̀. Ó ní òun ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ bí ẹni ṣọ̀fọ̀ ènìyàn, ìtìjú kò sì jẹ́ kí òun lè sọ pé ẹ̀bà ni òun ń sunkún fún.

Kò pẹ́ tí ó rí i pé àwọn ohun kan ń yọ̀ kọjá láìhá: áísìkiriìmù, ṣokoléètì, ògì tí ṣúgà pọ̀ nínú rẹ̀. Ohun tí ó fi ń sá fún ìrora yìí ni ó sì mú díẹ̀ padà nínú ọ̀rá tí ó ti sọ̀ kalẹ̀. Ìtìjú di méjì. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í dá jẹun. Ó ń sọ fún àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì pé òun ń gbààwẹ̀, àwọn náà sì ń yìn ín pé ó fẹ́ràn àdúrà.

Ẹ má rò pé àìlera ọkàn tirẹ̀ nìkan ni. Ìlànà tí àjọ NICE gbé jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 2014 sọ pé ó kéré tán, fún ọdún méjì lẹ́yìn irú iṣẹ́ abẹ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n máa tọ́jú ènìyàn, kì í ṣe ti oúnjẹ nìkan, ti ọkàn náà pẹ̀lú, kí wọ́n sì fi í mọ àwọn mìíràn tí wọ́n ti ṣe irú rẹ̀. Àwọn oníṣègùn mọ̀, nígbà náà, pé orí ń kó sínú ọ̀rọ̀ ikùn. Àwa ni a kò tíì gbà bẹ́ẹ̀. Lójú wa, ẹni tí ó bá ní kí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ nítorí ara sísan ti ṣe fàájì ni. Ikú Stella Obasanjo, ìyàwó Ààrẹ ìgbà náà, ní ilẹ̀ Spéìn ní oṣù Kẹwàá ọdún 2005 lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ìyọ̀rá wà lọ́kàn ọ̀pọ̀ ènìyàn títí di òní. Iṣẹ́ abẹ méjèèjì kò jọra, ìdí wọn kò sì jọra, ṣùgbọ́n ta ni yóò dúró gbọ́ àlàyé? Ẹni tí ó ṣe é a sì gbé e pamọ́.

Bẹ́ẹ̀ ni èdè wa fúnra rẹ̀ kò ràn án lọ́wọ́. Bí a bá fẹ́ yin ènìyàn, a ó ní ó sanra. Ẹ tú ọ̀rọ̀ náà wò, ‘san’ àti ‘ara’ ni ẹ ó bá nínú rẹ̀, etí ọ̀pọ̀ wa sì ń gbọ́ ‘sàn’ níbẹ̀. Ẹni tí ó rù, àánú rẹ̀ ń ṣe wá, tàbí a ń fura sí i. Ẹni tí kò jẹun nílé wa ti kọ oúnjẹ, ‘kọ’ yìí kan náà sì ni a ń lò fún ẹni tí ó kọ ìyàwó àti ẹni tí ó kọ ẹbí. Mo wá inú orí mi kiri fún gbólóhùn Yorùbá kan tí ènìyàn fi lè sọ pé ‘ó wù mí, ọ̀nà ni kò gbà á’ láìsí pé ó dà bí ẹ̀sùn tàbí ègún, kò wá bọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ kẹta ni ẹ̀gbọ́n mi kúnlẹ̀ níwájú Ìyá. Mo wà níbẹ̀.

“Ìyá mi, ẹ má bínú. Mi ò kọ oúnjẹ yín. Wọ́n so ikùn mi ni.”

Ìyá fò sókè. “Ta ló so ó? Ta la ṣẹ̀?”

Ẹ rí i bí ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo ṣe fẹ́ ba nǹkan jẹ́. ‘So’ àti ‘dì’, ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀tá ni wọ́n ń gbé nínú irú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀gbọ́n mi yára yí i padà: “Rárá o, Ìyá. Dókítà ni. Ìgbànú ni wọ́n fi sí i, kí n má baà jẹ àjẹjù. Àìsàn ló fẹ́ pa mí.” Ìyá jókòó padà. Ó béèrè bí ìgbànú náà ṣe rí, ó béèrè bóyá ó ń dùn ún lóru. Ó dákẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó sọ pé, “Bíi kèrègbè nìyẹn. Inú rẹ̀ fẹ̀, ẹnu rẹ̀ ló tóóró. Ẹni tó bá da òrí sí i lẹ́ẹ̀kan náà, ilẹ̀ ni yóò dà á sí. Èéṣe tí o ò sọ fún mi kí n tó ro àmàlà?”

Nínú ohun gbogbo tí mo ti kà lórí ọ̀rọ̀ yìí, n kò rí àlàyé tí ó ju ti ìyá àgbẹ̀ tí kò lọ sí ilé ìwé yìí. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé ‘ìgbànú ikùn’ ni kí á máa pè é. Inú ti wà nínú ‘ìgbànú’ láti ìpìlẹ̀, kò sì sí ọ̀tá nínú rẹ̀.

Èrò mi lórí ọ̀rọ̀ yìí kò pọ̀. N kò gba ẹnikẹ́ni níyànjú pé kí ó ṣe iṣẹ́ abẹ tàbí kí ó má ṣe é. Iṣẹ́ dókítà nìyẹn. Bí ẹni tí ó ní ìgbànú bá ń bì léraléra, tàbí tí omi pàápàá kò gba ọ̀fun rẹ̀ mọ́, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìfaradà tàbí àdúrà, ìgbànú náà lè ti fún jù tàbí kí ó ti yẹ̀ kúrò ní ipò, ilé ìwòsàn ni kí ó gbà lọ kíákíá. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi padà dé Lọ́ńdọ̀nù, omi díẹ̀ ni wọ́n fà jáde nínú tirẹ̀, ó sì rọrùn fún un. Ṣùgbọ́n àwa tí a ń gbàlejò ni mo ń bá wí jù. A ń sọ ọ̀nà tí à ń gbà fẹ́ràn ènìyàn di ìwọ̀n òkèlè tí ó gbé mì. ‘Tún díẹ̀ bù sí i,’ ‘ṣé kò dùn ni,’ ‘o ò fẹ́ràn mi mọ́’: ẹ̀ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀mẹrin, títí ẹni náà yóò fi jẹ ohun tí yóò lọ pọ̀ sí ẹ̀yìnkùlé. Kí á bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, kí á sì fi í sílẹ̀. Àwọn kan yóò ní àṣà wa ni mo fẹ́ bàjẹ́. N kò gbà. Nígbà tí a bá ní kí ènìyàn wá bá wa jẹun, tí ó dáhùn pé “á gba ibi ire”, kò sí ẹni tí ń fi agbára fà á wá sídìí àwo. Àṣà náà ti fún un ní ìdáhùn, a sì máa ń gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi tún wá sí Tẹ̀dé ní ọdún 2022. Ìyá se gbẹ̀gìrì tí ó ki, ó fi ẹja tútù tí ó ti yọ egungun rẹ̀ sí i, ó bu ú sínú abọ́ kékeré tí àwọn ọmọdé ń lò, kò sì ro àmàlà rárá. Ó lé gbogbo wa jáde kúrò nínú yàrá, ó ní ojú wa pọ̀ jù. Láti ìta ni a ti ń gbọ́ ohùn rẹ̀, bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe ń rún un lẹ́nu pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́: “Ṣé ó ti gba ibi ire?” Ẹ̀gbọ́n mi a dákẹ́ díẹ̀, a ní, “Ó ti gbà á, Ìyá.”