Oòrùn Ò Mọwọ́, Ò Mẹsẹ̀ Nínú Ọ̀ràn Ibà

Ẹ̀yin ará Òkè-Ògùn, láti Ìsẹ́yìn títí dé Ṣakí, a ti ń dá oòrùn lẹ́bi ọ̀ràn tí kò dá. Bí ọmọ bá ti oko kajú dé, tí ara rẹ̀ gbóná, tó ń gbọ̀n, ohun tí a ó kọ́kọ́ sọ ni pé: “Oòrùn ló pa á, ibà ti dé nìyẹn.” Àgbẹ̀ ń sọ ọ́, ọ̀mọ̀wé náà ń sọ ọ́. Irọ́ ni.

Ìgbà wo ni oòrùn ń mú jù lọ́dọ̀ wa? Oṣù Kejì sí oṣù Kẹta ni. Ìgbà wo ni ibà ń gbilẹ̀ jù? Ìgbà òjò ni, tí ìkùukùu bo ojú ọ̀run. Ẹ wo àwọn tó ń hun aṣọ òfì ní Ìsẹ́yìn: abẹ́ àtíbàbà ni wọ́n ń jókòó sí láti àárọ̀ títí dalẹ́. Ṣé ibà kì í ṣe wọ́n ni? Ọmọ ọwọ́ tí kò kúrò nínú yàrá ńkọ́, oòrùn wo ló pa á?

Ní 1880, dókítà ológun ará Faransé, Alphonse Laveran, rí kòkòrò ibà nínú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn ní Algeria. Ní 1897, dókítà mìíràn, Ronald Ross, rí irú kòkòrò bẹ́ẹ̀ nínú ikùn ẹ̀fọn ní Íńdíà. Abo ẹ̀fọn Anopheles ló ń gbé e kiri, òru ló sì ń jẹ èèyàn jù.

Ẹnìkan á ní: “Mo ṣiṣẹ́ nínú oòrùn lánàá, ibà sì dá mi dùbúlẹ̀ lónìí.” Kòkòrò ibà máa ń lò tó ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nínú ara kí àìsàn tó hàn. Ẹ ti gbàgbé ẹ̀fọn tó jẹ yín lábà nígbà náà. Oòrùn àná lẹ rántí.

Ìgbàgbọ́ yìí ń pa wá lára lọ́nà méjì. Ìyá á dé fìlà fún ọmọ lọ́sàn-án, á tún tẹ́ ẹ sùn lálẹ́ láìta nẹ́ẹ̀tì. Èkejì, oòrùn ní àìsàn tirẹ̀: òòyì, orí fífọ́, èébì. Omi àti ibòji lẹni tí ooru mú ń fẹ́, àgbo ibà la ń bù fún un. Bó bá wá ń sọ ìsọkúsọ, tàbí tó dákú, ẹ gbé e síbòji, ẹ fi omi tútù rin ín lára, kí ẹ sì gbé e lọ sílé ìwòsàn kíákíá.

Nítorí náà, bí gbogbo ilé bá ń lọ ṣa kajú tàbí èso emi, ẹ tètè jí lọ, ẹ sinmi lọ́sàn-án gangan, kí omi mímu má sì wọ́n yín. Ẹ ta nẹ́ẹ̀tì lábà bí ẹ ti ń ta á nílé. Bí ara ọmọ bá gbóná, ẹ gbé e lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lọ́jọ́ náà. Bó bá jẹ́ ibà, kó lo òògùn rẹ̀ tán pátápátá.

Ẹ̀yin tí ẹ sì fi nẹ́ẹ̀tì ìjọba ṣọgbà yí ẹ̀fọ́ ká, ẹ lọ tú u. Ibà kì í ṣe tẹ̀tẹ̀.