Ẹ Jẹ́ Kí Báńkì Di Òtẹ́ẹ̀lì

Nígbà tí a ń ṣe àríyànjiyàn ní kíláàsì wa lórí àwọn ilé àtijọ́, ọ̀rẹ́ mi kan ní àbùkù ni kí báńkì tó ti kógbá wọlé di òtẹ́ẹ̀lì. Ó ní kí ìjọba fún irú ilé bẹ́ẹ̀ ní oyè, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án mọ́. Gbogbo kíláàsì pàtẹ́wọ́. Èmi kò pàtẹ́wọ́.

Ní Philadelphia ní Amẹ́ríkà, níbi tí àbúrò ìyá mi ń gbé, wọ́n dá ilé ìfowópamọ́ kan tí à ń pè ní PSFS sílẹ̀ ní 1816, kí òṣìṣẹ́ tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan lè rí ibi fi í pamọ́ sí. Ní 1932, tí ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà ti dẹnu kọlẹ̀, wọ́n ṣí ilé alájà 36 fún un ní àárín ìlú. George Howe àti William Lescaze ló ya àwòrán rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù ló wà nísàlẹ̀. Àtẹ̀gùn tó ń fi iná rìn ló ń gbé oníbàárà lọ sí gbọ̀ngàn báńkì lókè. Lórí òrùlé ni wọ́n gbé lẹ́tà pupa mẹ́rin sí, P, S, F, S, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ga ní ẹsẹ̀ bàtà 27.

Ìjọba ti báńkì náà pa ní 1992. Ní 2000, ilé náà di òtẹ́ẹ̀lì Loews. Lẹ́tà wọ̀nyẹn ṣì ń tàn lálaalẹ́. Àǹtí mi ní òun fi ń mọ̀nà ni, òun kò tiẹ̀ mọ ìtumọ̀ wọn! Mo gbà pé ó dunni díẹ̀: gbọ̀ngàn tí alágbàṣe ń kó sẹ́ǹtì rẹ̀ wá ti di ibi àpèjẹ olówó. Ṣùgbọ́n ilé ṣì dúró.

Oyè ńkọ́? PSFS gba tirẹ̀ ní 1976. Ilojo Bar, ilé Àgùdà tí wọ́n kọ́ ní 1855 ní Tinúubú, l'Ékòó, ti gba tirẹ̀ láti 1956. Ó fi 20 ọdún ṣáájú! Síbẹ̀, ní oṣù September 2016, wọ́n wó o palẹ̀. Oyè kò dá wọn dúró. Ká ní ilé náà ń mówó wọlé bí òtẹ́ẹ̀lì ṣe ń mówó wọlé, ṣé ẹni tó ni ín á jẹ́ kí wọ́n wó o?

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ ń pín oyè fún ilé, tí ẹ sì ń padà sílé lọ sùn, ẹ wá iṣẹ́ fún ìwọ̀nba ilé Àgùdà tó kù l'Ékòó. Ọjọ́ tí ọ̀kan bá di òtẹ́ẹ̀lì, èmi ni màá kọ́kọ́ bẹ bàbá mi pé kó mú wa lọ jẹun níbẹ̀.