Àwọ̀ Pósítà Àtijọ́ Kì í Ṣe Ìdọ̀tí

Ọdún Káyókáyó ni wọ́n fi ń rántí ní Ẹ̀pẹ́ bí Ọba Kòsọ́kọ́ àtàwọn èèyàn rẹ̀ ṣe wá fi ìlú náà ṣe ibùgbé, lẹ́yìn tí ìbọn àwọn Gẹ̀ẹ́sì lé wọn kúrò l'Ékòó lọ́dún 1851. Irú ayẹyẹ tó ń sọ̀rọ̀ àná bẹ́ẹ̀ ló máa ń mú kí oníbàárà sọ fún ẹni tó ń ṣe gíráfíìkì pé òun ń fẹ́ pósítà tó máa jọ ti àtijọ́. Bákan náà ló rí fún ọjọ́ ìlú n'Ìkòròdú, fún ìrántí òkú àgbà, fún fíìmù àti fún orin. Ohun tó yá jù lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ayàwòrán ni pé kí wọ́n wa àwòrán bébà tó ti ya, tó ti bó, jáde látorí íntánẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n fi bo iṣẹ́ tuntun mọ́lẹ̀. Èrò tèmi ni pé ọ̀nà yẹn kò tọ́. Àwọn àgbà ní, bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Àkísà nìkan là ń yá wọ̀. Aṣọ gan-an, ìyẹn bí àwọ̀ ṣe ń dé orí bébà, a ò tíì kọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ ká wo bó ṣe ń dé ibẹ̀. Nígbà tí míṣọ́nárì Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn l'Abẹ́òkúta lọ́dún 1859, íńkì dúdú ló ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí àwọ̀ wá wọ iṣẹ́ ìtẹ̀wé, ẹ̀rọ aláwọ̀ kan kì í tẹ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: yẹ́lò á lọ, pupa á lọ, búlúù á lọ, dúdú á kádìí rẹ̀. Aláró mọ ìtumọ̀ èyí, nítorí rírì kan ṣoṣo kọ́ ló ń mú aṣọ dú. À-tún-rì à-tún-sá ni. Íńkì tó wà lókè kì í bo tìsàlẹ̀ pátápátá, ibi tí yẹ́lò àti búlúù bá sì ti pàdé ló ń di àwọ̀ ewé. Fọ́tò kì í dúró lódidi, àmì tótòtó ni wọ́n ń fọ́ ọ sí. Bí bébà bá sì sún díẹ̀ lórí ẹ̀rọ, pupa á yọ létí fìlà bàbá tó wà nínú àwòrán. Kò sí èyí tí kọ̀ǹpútà ò lè ṣe. Ẹ pín iṣẹ́ sí ìpele mẹ́rin, íńkì kan sí ìpele kan, kí ẹ fi àṣẹ Multiply gbé wọn lé ara wọn. Ẹ lo Color Halftone nínú Photoshop, tàbí Newsprint nínú GIMP tó jẹ́ ọ̀fẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ sún ìpele kan díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Kí bébà má ṣe funfun bí ẹfun, kí íńkì má sì dú bíi kóró iṣin.

Ibi tí irọ́ ti ń wọ iṣẹ́ wa jù ni ogbó. Lójú ọ̀pọ̀ èèyàn, ohun àtijọ́ gbọ́dọ̀ pọ́n bí omi tíì. Àwọ̀ yẹn, fọ́tò ayé àtijọ́ ló ni ín, láti inú kẹ́míkà tí wọ́n fi ń fọ̀ ọ́. Pósítà tó gbé ojú oòrùn lára ògiri ọjà kì í rí bẹ́ẹ̀: ìmọ́lẹ̀ tètè máa ń ba pupa àti yẹ́lò jẹ́, búlúù àti dúdú ló ń kù, tí ojú olóṣèlú tó wà nínú rẹ̀ á wá dà bíi pé aró ni wọ́n fi yà á. Kàlẹ́ńdà tó sùn sínú àpótí ńkọ́? Ìmọ́lẹ̀ kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, pupa rẹ̀ á ṣì wà, ṣùgbọ́n bébà olówó pọ́ọ́kú á ti pọ́n láti etí wọnú, nítorí ohun tó wà nínú igi tí wọ́n fi ṣe é ń yí padà bí afẹ́fẹ́ ṣe ń kàn án. Ogbó méjì nìyẹn, ọ̀tọ̀ sì ni ìtàn kálukú wọn. Ẹni tó bá sọ pósítà ojú títì di aláwọ̀ tíì ti pa ìtàn oòrùn rẹ́.

Ẹlòmíì á ní oníbàárà ò mọ̀ ọ́n, ọ̀la ló sì fẹ́ gba iṣẹ́ rẹ̀. Lóòótọ́, ó lè má lè dárúkọ àṣìṣe náà, àmọ́ ojú rẹ̀ mọ̀ ọ́n: ẹni tó bá kàlẹ́ńdà lára ògiri ilé bàbá rẹ̀ yóò mọ èyí tó jọ ọ́. Ìgbà àkọ́kọ́ nìkan ni iṣẹ́ náà sì ń pẹ́. Bí a bá ti to ìpele mẹ́rin yẹn tán, a lè tọ́jú rẹ̀ fún iṣẹ́ mìíràn. Àwọn kan á tún ní àléébù atẹ̀wé là ń gbé gẹ̀gẹ̀, nítorí kò sí atẹ̀wé tó fẹ́ kí àwọ̀ sún. Mo gbà. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kó mọ níwọ̀n: wọ́n ń lépa kí iṣẹ́ wọn gún régé, ibi tí agbára ẹ̀rọ ò ká nìkan ló ṣẹ́kù sójú bébà. Ẹni tó bá fi àléébù kún gbogbo ojú iṣẹ́ ń bu àwọn àgbà iṣẹ́ náà kù ni. Ẹ̀sùn tó wúwo jù ni pé ayédèrú là ń ṣe. Ohun tó lè yanjú rẹ̀ ni kí ọdún tí wọ́n ṣe pósítà náà gan-an hàn kedere nísàlẹ̀ rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má bàa tà á ní ojúlówó.

Níbo la ó ti wá kọ́ gbogbo èyí? Ara ohun tiwa ni. Ọdún 1990 tí Photoshop kọ́kọ́ jáde náà ni Hubert Ogunde, àgbà eré alárìnkiri, kú. Irinṣẹ́ tuntun dé bí àwọn tó ni pósítà àtijọ́ ṣe ń lọ, ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ sì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì àti lẹ́yìn ilẹ̀kùn, tí ikán àti ọ̀rinrin ọ̀sà ń bá wọn jà. Ẹ̀yin tí kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́ àti pósítà eré wà lọ́wọ́ yín n'Ìkòròdú àti ní Ẹ̀pẹ́, mo bẹ̀ yín, ẹ má dáná sun wọ́n. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ ń ṣe gíráfíìkì, ẹ fi ọ̀wọ̀ tọ àwọn tó ni wọ́n lọ, ẹ gba àṣẹ, kí ẹ fi scanner ya pósítà tàbí kàlẹ́ńdà náà ní 600 dpi, torí 300 lè mú kí àwọn àmì tótòtó náà hun ara wọn di ìlà tí kò sí níbẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹ̀rọ tún àwọ̀ rẹ̀ ṣe, kí ẹ sì kọ ọdún tó wà lára rẹ̀ sórí fáìlì náà. Ẹ̀yìn ìyẹn ni kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ pósítà tuntun.